Àwo SATO fún ahéré inú igbó: ẹ wo ilẹ̀ kí ẹ tó náwó

Ẹni tó bá ní ahéré tàbí ilé ìsinmi nínú igbó lápá Ìgbómìnà, láti Ìsin dé Òkè-Ẹ̀rọ, mọ bí ọ̀rọ̀ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ṣe máa ń le níbẹ̀. Omi ẹ̀rọ kò sí. Iná kò sí. Ọkọ̀ tó ń fa ṣọ́kàwéè láàárín Ìlọrin kò lè gba ojú ọ̀nà ọ̀kadà wọlé. Odò tí wọ́n ń pọn mu sì lè wà ní ẹ̀yìnkùlé gan-an. Ohunkóhun tí ẹ bá ṣe sí ìgbẹ́ àti omi ìdọ̀tí níbẹ̀, inú ilẹ̀ yẹn náà ló máa jókòó sí, ẹ̀yin náà lẹ ó sì mu ún bí ẹ kò bá ṣe é dáadáa.

Àwo ìgbọ̀nsẹ̀ oníke tí wọ́n ń pè ní SATO ni à ń yẹ̀ wò níbí, pẹ̀lú gbogbo ohun tó gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ rẹ̀ àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kó tó ṣiṣẹ́. Ìdájọ́ wa kò ní kọ́nà: bí ilẹ̀ ibi tí ahéré yín wà bá jinlẹ̀, tí omi abẹ́ ilẹ̀ kò sún mọ́ òkè, tó sì jẹ́ pé omi ni ẹ fi ń ṣan ìdí, ẹ rà á, ẹ kò ní kábàámọ̀. Bí àpáta bá wà ní ìwọ̀n mítà kan sí ojú ilẹ̀, ẹ fi owó yín sápò, ẹ lọ ṣe ilé ìgbọ̀nsẹ̀ oníeérú tí a máa sọ nísàlẹ̀.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́

Ilé-iṣẹ́ American Standard ló kọ́kọ́ gbé àwo yìí jáde ní Bangladesh lọ́dún 2013, kó tó bọ́ sábẹ́ LIXIL ti ilẹ̀ Japan. Àwọn tó ṣe é ní ṣáláńgá lọ́kàn, wọ́n fẹ́ dí ihò rẹ̀ pa láìlo omi púpọ̀. Nísàlẹ̀ àwo náà, ìlẹ̀kùn kékeré kan wà tó rọ̀ mọ́ ìdè, ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn náà sì wúwo ju iwájú rẹ̀ lọ. Bí ìgbẹ́ àti omi bá bọ́ lé e, á ṣí, ohun tó wà lórí rẹ̀ á bọ́ sínú kòtò, ẹ̀yìn tó wúwo náà á sì fà á padà. Omi díẹ̀ tó ṣẹ́kù lórí rẹ̀ ló ń dí etí rẹ̀ pa. Òórùn kò ní gòkè, eṣinṣin kò ní ráyè wọlé jáde, ọmọdé tó ń bẹ̀rù àtijìn sí ṣáláńgá kò sì ní rí ihò kankan.

Omi tó ń lò ni ọ̀rọ̀ tó ṣe pàtàkì jù fún ẹni tó ń pọn omi lórí. Àwo amọ̀ funfun tó ní ọrùn wíwọ́, tí à ń fi garawa da omi sí, máa ń gba lítà 2 sí 3 lẹ́ẹ̀kan. Èyí tó ní táǹkì lẹ́yìn ń gba lítà 6 sí 9. SATO kì í gbà tó lítà kan. Ìdajì lítà máa ń tó o. Ẹ ṣírò rẹ̀ fún ènìyàn mẹ́rin tí kálukú ń lọ ní ìgbà márùn-ún lóòjọ́, ìtọ̀ àti ìgbẹ́: lítà 10 ni SATO máa gbà, àwo ọlọ́rùn wíwọ́ á gba bíi lítà 50, onítáǹkì á gba lítà 120 ó kéré tán. Kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 méjì ni lítà 50 yẹn. Bí odò bá jìnnà ní oṣù Kejì, nígbà tí àwọn ìṣàn kéékèèké ti gbẹ, omi yẹn kò ní wá, àwọn ará ilé á sì padà sí ẹ̀yìn igi.

Ohun mìíràn tó wù wá nínú rẹ̀ ni pé ó fúyẹ́. Ẹ lè so ó mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kadà láti Òmù-Àrán wọ igbó, kò ní fọ́. Àwo amọ̀ kì í sábà dé ibẹ̀ láìsán.

Oríṣi mẹ́ta ni wọ́n máa ń fún yín yàn. Èyí tí à ń lóṣòó lé ni ó wọ́pọ̀ jù, kòtò rẹ̀ sì wà tààrà lábẹ́ rẹ̀. Èyí tí à ń jókòó lé wà fún àgbàlagbà tí eékún ń dùn. Ẹ̀kẹta ni V-Trap, tó ń fi páìpù gbé ìgbẹ́ lọ sí kòtò méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé: ẹ lo ọ̀kan títí á fi kún, ẹ darí rẹ̀ sí èkejì. Bí ẹ bá ní agbára ẹ̀, V-Trap ni kí ẹ rà fún ilé tó máa pẹ́, nítorí kò ní sídìí àtigbé síláàbù, ìyẹn kọnkéré pẹlẹbẹ tó bo ẹnu kòtò, kiri. Ó nílò omi díẹ̀ sí i kí ìgbẹ́ lè rìn nínú páìpù, páìpù náà sì gbọ́dọ̀ dagun dáadáa, ó kéré tán sẹ̀ǹtímítà 3 sí mítà kan.

Kòtò ni iṣẹ́ gan-an

Àwo dára, ṣùgbọ́n ìdérí lásán ni. Kòtò ló ń ṣe iṣẹ́, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ sì ti ń bà á jẹ́.

Púpọ̀ nínú ilẹ̀ gúúsù Kwara ló jókòó lórí àpáta, tí yangí sì bò ó. Lápá Òwá Kájọlà níbi tí omi Òwú ti ń já bọ́ láti orí àpáta, ojú lásán ti fi hàn pé àpáta kò jìnnà. Níbòmíràn ẹ lè gbẹ́ mítà mẹ́ta láìkan nǹkan kan. Ẹ má fi ojú wo ilẹ̀ kí ẹ sọ pé ó dára. Ẹ gbẹ́ ihò ìdánwò tí ọwọ́ lè wọ̀, tó jìn ní mítà méjì, tàbí kí ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó gbẹ́ kànga tó wà nítòsí pé níbo ló ti kan àpáta.

Kànga yẹn náà ni kí ẹ fi wo omi abẹ́ ilẹ̀. Ní oṣù Kẹta, omi á ti lọ sísàlẹ̀, gbogbo ilẹ̀ á sì dà bí ibi tó dára fún ṣáláńgá. Oṣù Kẹsàn-án sí Kẹwàá ni kí ẹ lọ fi okùn wọn ọ́n, lẹ́yìn tí òjò ti rọ̀ dé góńgó. Láti ìsàlẹ̀ kòtò yín sí ojú omi ìgbà òjò yẹn, ó kéré tán kí ó jẹ́ mítà 1.5 ilẹ̀ gbígbẹ. Mítà 2 dára jù. Ilẹ̀ tó wà láàárín yìí ló ń sẹ́ kòkòrò onígbáméjì àti ibà jẹ̀funjẹ̀fun kúrò nínú omi. Bí ìgbẹ́ bá wà nínú omi abẹ́ ilẹ̀ fúnra rẹ̀, kò sí ohun tó ń sẹ́ nǹkan kan mọ́. Kòtò gbọ́dọ̀ jìnnà sí kànga tàbí odò ní mítà 30, kí ó sì wà nísàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ wọn, kì í ṣe lókè. Tí ilẹ̀ bá jẹ́ àpáta tó la, ọ̀nà jíjìn yìí kò tó, nítorí omi máa ń gba ojú àpáta sáré láìsẹ́.

Ẹ ronú nípa afẹ́fẹ́ náà. Láàárín òjò, gúúsù ìwọ̀-oòrùn ni atẹ́gùn ti ń wá. Nígbà ọyẹ́, àríwá ìlà-oòrùn ni. Ẹni tó bá fi ilé ìgbọ̀nsẹ̀ sí apá àríwá ìwọ̀-oòrùn tàbí gúúsù ìlà-oòrùn ahéré, atẹ́gùn méjèèjì kò ní gbé nǹkan kan wọlé bá a.

Fún ènìyàn mẹ́rin tó ń gbé ibẹ̀ títí, kòtò roboto tó fẹ̀ ní mítà 1, tó jìn ní mítà 2.5, tó. Ẹ yọ sẹ̀ǹtímítà 50 òkè kúrò, nítorí ibẹ̀ ni ẹ gbọ́dọ̀ dáwọ́ dúró. Ohun tó kù gba nǹkan bíi lítà 1,570. Ìgbẹ́ ẹnì kan nínú kòtò gbígbẹ máa ń ṣẹ́kù ní bíi lítà 60 lọ́dún lẹ́yìn tó bá ti jẹrà. Ènìyàn mẹ́rin, lítà 240 lọ́dún. Ọdún mẹ́fà àtààbọ̀ nìyẹn. Bí ẹ bá ń ju nǹkan tí kì í jẹrà sí i, lítà 60 yẹn á di bíi 90, kòtò á sì kún láàárín ọdún mẹ́rin sí márùn-ún. Kòtò roboto dára ju onígun mẹ́rin lọ torí ilẹ̀ kì í tètè ya wọ inú rẹ̀.

Bí ilẹ̀ bá jẹ́ yangí tó le, búlọ́ọ̀kù oní-íǹṣì 6 tí ẹ fi yí mítà kan òkè ká ti tó. Bí yanrìn bá pọ̀, ẹ mọ ọ́n dé ìsàlẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má fi sìmẹ́ńtì dí àlàfo tó wà láàárín búlọ́ọ̀kù àti búlọ́ọ̀kù lápá ìsàlẹ̀, kí omi lè rí ọ̀nà jáde. Ẹ gbé ẹnu kòtò ga ju ilẹ̀ lọ ní sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20, kí ẹ sì kó erùpẹ̀ sí i lára kí àgbàrá má bàa wọ inú rẹ̀. Àgbàrá oṣù Kẹsàn-án kan ṣoṣo lè kún kòtò tó yẹ kó lo ọdún mẹ́fà.

Dída síláàbù: ibi tí àwo ti ń bà jẹ́

Síláàbù tó gùn ní mítà 1.3, tó fẹ̀ ní mítà 1.3, tó nípọn ní sẹ̀ǹtímítà 8, máa gba àpò sìmẹ́ńtì kan gẹ́ẹ́: ìwọ̀n kan sìmẹ́ńtì, méjì yanrìn, mẹ́ta òkúta wẹ́wẹ́. Rọ́ọ̀dù mílímítà 8 méjì tó gùn ní mítà 12 máa tó, ẹ gé e, ẹ to ó ní ìbú àti òòró, kí sẹ̀ǹtímítà 15 wà láàárín wọn, kí ẹ sì yà á kúrò níbi tí àwo máa wà. Yanrìn odò tó mọ́ ni kí ẹ lò. Èyí tí ẹrẹ̀ wà nínú rẹ̀ kì í jẹ́ kí sìmẹ́ńtì dì mú dáadáa.

Ẹ tẹ́ ọ̀rá sílẹ̀ lórí ilẹ̀ títẹ́jú, ẹ gbẹ́ ihò kékeré tí ìdí àwo máa rì sí, ẹ gbé àwo sí i kí etí rẹ̀ bá ojú òkè síláàbù dọ́gba. Lẹ́yìn náà ni iṣẹ́ tí àwọn bíríkìlà máa ń fojú tẹ́ńbẹ́lú: kí ẹ fi ọ̀rá wé gbogbo ìdí àwo náà, ìlẹ̀kùn àti ìdè rẹ̀, kí ẹ fi okùn dè é pinpin. Omi sìmẹ́ńtì máa ń ṣàn. Bí ẹ̀kán rẹ̀ bá wọ inú ìdè, ó máa dì níbẹ̀, ìlẹ̀kùn kò sì ní padé tán mọ́ láyé. Nígbà tí ẹ bá máa rí i, síláàbù ti wà lórí kòtò. Tí ẹ bá gbọ́ tí ẹnì kan ń sọ pé àwo yìí kò dáàbò bo òun lọ́wọ́ òórùn, ìdè rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Ohun kejì ni lẹ́fẹ́ẹ̀lì. Ẹ gbé e lé etí àwo ní ìbú àti òòró kí ẹ tó da kọnkéré, kí ẹ sì tún gbé e lé e lẹ́yìn tí ẹ dà á tán, nítorí kọnkéré máa ń ti àwo. Bí àwo bá dagun, omi kò ní dúró lórí ìlẹ̀kùn, kò sì sí ohun tó ń dí etí rẹ̀. Ojú síláàbù fúnra rẹ̀ ni ó yẹ kó dagun díẹ̀ wá sọ́dọ̀ àwo, kí omi tó bá ta sílẹ̀ lè ṣàn wọlé.

Ẹni tó bá jẹ́ Mùsùlùmí, kó ti mọ ibi tí Gábàsì wà kó tó da sìmẹ́ńtì. Ẹ kọjú àwo sí àríwá tàbí gúúsù kí ẹni tó bá lóṣòó má bàa kọjú tàbí kọ ẹ̀yìn sí i. Bí kọnkéré bá ti dì, kò sí yíyípadà.

Ẹ fi àpò tútù bò ó fún ọjọ́ méje, kí ẹ máa wọ́n omi sí i. Kọnkéré tó bá tètè gbẹ nínú oòrùn á sán. Lẹ́yìn náà ẹ tú ọ̀rá ìsàlẹ̀, ẹ da ìdajì lítà omi sí i: ìlẹ̀kùn gbọ́dọ̀ ṣí fúnra rẹ̀, kó sì padé fúnra rẹ̀ láìfọwọ́kàn. Síláàbù yìí wúwo ju ọgọ́rùn-ún mẹ́ta kílò lọ, nítorí náà ẹ ti fi rọ́ọ̀dù ṣe ọwọ́ mẹ́rin sí i lára nígbà tí ẹ ń dà á, kí ẹ sì wá ọkùnrin mẹ́fà sí mẹ́jọ pẹ̀lú igi roboto tí ẹ máa fi yí i.

Páìpù afẹ́fẹ́ ṣì dára kí ó wà. Gáàsì kòtò gbọ́dọ̀ rí ibi gbà jáde, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á máa ti ìlẹ̀kùn láti abẹ́. Ẹ lo páìpù mílímítà 110, kí ó ga ju òrùlé lọ ní sẹ̀ǹtímítà 50, kí ẹ sì fi nẹ́ẹ̀tì tí kì í dípẹtà dí orí rẹ̀. Nẹ́ẹ̀tì irin lásán kì í pẹ́ jẹrà nítorí gáàsì yẹn, eṣinṣin á sì sọ páìpù di ẹnu ọ̀nà. Ní Zimbabwe ní nǹkan bí ọdún 1970 sí 1980 ni wọ́n ti ṣe àmúlò páìpù báyìí lórí ṣáláńgá gbayawu: eṣinṣin inú kòtò máa ń tẹ̀ lé ìmọ́lẹ̀ lọ sórí páìpù, nẹ́ẹ̀tì á sì há a mọ́bẹ̀. Ṣáláńgá yẹn gbọ́dọ̀ ṣókùnkùn nínú kó tó ṣiṣẹ́. Ti SATO kò nílò òkùnkùn, ẹ lè ṣe fèrèsé, kí ẹni tó wọlé lálẹ́ lè rí i bóyá ejò wà nílẹ̀.

Ohun tí ẹ kò gbọ́dọ̀ jù sí i: igi, èso àgbàdo tí wọ́n ti yọ ọkà lára rẹ̀, ewé líle, pádì, ọ̀rá, páḿpáàsì. Wọ́n máa ń há mọ́ ẹnu ìlẹ̀kùn. Ẹ gbé garawa onídèérí síbẹ̀ fún wọn. Ẹ má sì da eérú tàbí iyanrìn sí i bí a ti ń ṣe sí ṣáláńgá àtijọ́. Ó máa ń wọ inú ìdè. Oògùn apakòkòrò bíi Izal kò dára nínú kòtò rárá. Kòkòrò tó ń jẹ ìgbẹ́ rà ló ń pa, kòtò á sì tètè kún. Omi ọṣẹ díẹ̀ àti búrọ́ọ̀ṣì ti tó láti fọ àwo.

Omi ìwẹ̀ àti omi ìdáná

Ìbéèrè tí a máa ń gbọ́ jù ni bóyá wọ́n lè darí omi ilé ìwẹ̀ sínú kòtò yìí kan náà. Rárá. Omi ìwẹ̀ ènìyàn mẹ́rin á tó lítà 80 sí 120 lóòjọ́. Á kún kòtò, á tú ògiri rẹ̀, á sì ti ìgbẹ́ sísàlẹ̀ lọ bá omi abẹ́ ilẹ̀. Omi tí ẹ fi ṣan ìdí àti èyí tí ẹ fi dà á nìkan ló yẹ kó wọ ibẹ̀. Ohun tó bọ́gbọ́n mu ni pé kí ẹ gbé garawa sábẹ́ ibi tí ẹ ń fọwọ́, kí ẹ sì máa fi omi ọṣẹ yẹn da àwo. Kò ná yín ní ìkán omi kankan.

Fún ìyókù, ẹ gbẹ́ poro, ìyẹn kòtò tóóró gígùn tí omi máa gbà wọ ilẹ̀. Kí ẹ tó gbẹ́ ẹ, ẹ dán ilẹ̀ wò: ẹ gbẹ́ ihò tó jìn ní sẹ̀ǹtímítà 60, ẹ kún un fún omi lálẹ́, ẹ tún kún un láàárọ̀, kí ẹ máa wò ó. Tó bá lọ wàrà láàárín wákàtí kan, ilẹ̀ náà ń mumi dáadáa. Tó bá ṣì wà níbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, amọ̀ ni. Ilẹ̀ tó dára, tí yanrìn àti amọ̀ pàdé nínú rẹ̀, máa ń mu bíi lítà 25 omi ìdọ̀tí lóòjọ́ fún mítà onígun kan (mítà kan ní òòró, mítà kan ní ìbú) lára ògiri poro. Amọ̀ líle kì í mu ju lítà 10 lọ. Fún lítà 100 lóòjọ́, ìyẹn jẹ́ mítà onígun 4 nínú ilẹ̀ tó dára, 10 nínú amọ̀. Poro tó jìn ní sẹ̀ǹtímítà 60 nísàlẹ̀ páìpù ní ògiri méjì, nítorí náà mítà 3.5 gígùn tó fún ilẹ̀ àkọ́kọ́, ti amọ̀ á gba bíi mítà 8.5. Ẹ fi òkúta tàbí èésán búlọ́ọ̀kù kún un, ẹ tẹ́ páìpù tí ẹ ti lu ihò sí lára lé e, ẹ fi ọ̀rá tàbí àpò bò ó kí erùpẹ̀ má wọlé, kí ẹ sì dá ilẹ̀ padà.

Ilé ìdáná ni apanilára poro. Epo pupa àti ọ̀rá ẹran tó wà nínú omi tí ẹ fi fọ abọ́ máa ń dì lára òkúta, ilẹ̀ á sì dá omi dúró. Garawa ọ̀dà onílítà 20 kan ni kí ẹ gbé sáàárín ilé ìdáná àti poro. Ẹ jẹ́ kí páìpù ìwọlé wọ̀ ọ́ lókè. Páìpù àtijáde ni kí ẹ fi ẹ́líbò yí sísàlẹ̀, kí ẹnu rẹ̀ dé àárín garawa. Epo á léfòó lókè, ẹ̀fọ́ àti ìrẹsì á rì sísàlẹ̀, omi àárín tó mọ́ díẹ̀ ni á bá páìpù jáde. Ẹ máa ha epo náà kúrò lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, ẹ sin ín jìnnà sí ilé. Tí ẹ bá gbàgbé fún oṣù kan, á máa rùn, èkúté á sì máa wá sí ibẹ̀.

Ẹ gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti kókò sí etí poro. Méjèèjì nífẹ̀ẹ́ omi, wọn á sì mu púpọ̀ nínú rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ má gbin ẹ̀fọ́ tí ẹ máa jẹ ní tútù síbẹ̀.

Bí àpáta bá wà lábẹ́

Níbi tí ẹ kò bá lè gbẹ́, ẹ kọ́ sókè. Ìyàrá méjì tí ẹ fi búlọ́ọ̀kù kọ́ lórí ilẹ̀, tí kálukú gba bíi lítà 1,000, ni ẹ nílò, pẹ̀lú àkàsọ̀ àti àwo tó ń ya ìtọ̀ sọ́tọ̀: ìtọ̀ á gba iwájú lọ sínú kẹ́ẹ̀gì, ìgbẹ́ á gba ẹ̀yìn bọ́ sílẹ̀. Àwọn ará Sweden, tí ahéré inú igbó pọ̀ lọ́dọ̀ wọn, ń lo irú rẹ̀ tó ní fáànù bíi Separett. Ohun dáadáa ni, fáànù rẹ̀ sì lè lo bátìrì sólà, ṣùgbọ́n òkè òkun ni ẹ ó ti rà á, ìgbẹ́ kò sì gbọ́dọ̀ tutù níbẹ̀. Eérú àdúgbò ń ṣe iṣẹ́ kan náà fún wa, kò sì wọ́n wa nílé tí wọ́n ti ń yan gàrí. Ẹ da ife eérú kan lé e lẹ́yìn ìgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Eérú ń mú ìgbẹ́ gbẹ, ó sì ń le fún kòkòrò láti wà láàyè nínú rẹ̀. Eérú tútù kò níláárí. Ẹ tọ́jú rẹ̀ sínú àgbá onídèérí.

Ìṣòro rẹ̀ nílẹ̀ wa ni omi tí à ń fi ṣan ìdí. Omi yẹn kò gbọ́dọ̀ bọ́ sórí ìgbẹ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò rùn, ìdin á sì bẹ́ jáde nínú rẹ̀. Ẹ ṣe ibi ìṣan ìdí sí ẹ̀gbẹ́ kan nínú ilé yẹn, pẹ̀lú ihò àti páìpù tó lọ sínú poro kékeré tirẹ̀. Ẹ ṣàlàyé rẹ̀ fún gbogbo àlejò. Ibi tí kò bá ti sí ẹni tó máa ṣàlàyé, a kò ní sọ pé kí ẹ ṣe é, nítorí ẹnì kan tí kò mọ̀ ni ó máa ba gbogbo rẹ̀ jẹ́.

Bí ìyàrá kan bá kún, ẹ ti í, ẹ lo èkejì. Ìtọ́sọ́nà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde lọ́dún 2006 sọ pé níbi tó gbóná bíi tiwa, ó yẹ kí ìgbẹ́ wà nípamọ́ ju ọdún kan lọ kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. Ẹyin aràn ni ó máa ń pẹ́ jù láti kú. Ẹ jẹ́ kó di ọdún méjì, kí ẹ sì sin ín sídìí igi eléso. Ìtọ̀ rọrùn jù: ìwọ̀n kan ìtọ̀ sí mẹ́ta títí dé mẹ́wàá omi, ẹ dà á sílẹ̀ nídìí àgbàdo tàbí ọ̀gẹ̀dẹ̀, kì í ṣe sórí ewé. Ẹ dáwọ́ dúró nígbà tó bá ku oṣù kan kí ẹ kórè. Tí irè náà bá jẹ́ ti títà, ẹ fi ìtọ̀ náà pamọ́ nínú kẹ́ẹ̀gì tí ẹ dé pinpin fún oṣù mẹ́fà.

Nígbà tí kòtò bá kún

Bí ó bá ku sẹ̀ǹtímítà 50, ẹ dá a dúró. Tí ẹ bá fi sílẹ̀ kó gòkè sí i, ìlẹ̀kùn abẹ́ àwo kò ní ríbi ṣí sí. Ẹ yí síláàbù lọ sórí kòtò tuntun, ẹ fi erùpẹ̀ kún ti àtijọ́, ẹ gbin ìbẹ́pẹ tàbí ọ̀gẹ̀dẹ̀ lé e. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ wọ inú kòtò tí wọ́n ti lò, bó ti wù kí ó gbẹ tó. Gáàsì tó wà nísàlẹ̀ lè pa ènìyàn kó tó ráyè pariwo, ó sì lè gbiná bí wọ́n bá ṣáná sí i.

Kí ẹ tó sanwó

Àwọn tó ń ta ohun èlò ilé kíkọ́ ní Ìlọrin máa ń to àwo yìí lé ara wọn, àwo tó wà nísàlẹ̀ á sì máa gbé ẹrù gbogbo àwọn tó kù. Ẹ má gba èyí tó wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá. Ẹ dojú rẹ̀ délẹ̀, kí ẹ fi ìka ti ìlẹ̀kùn. Ó gbọ́dọ̀ lọ wẹ́rẹ́, kó padà wẹ́rẹ́. Ẹ wá gbé e sókè bó ṣe máa wà nínú síláàbù, kí ẹ da ife omi kan sí i. Omi díẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣẹ́kù lórí ìlẹ̀kùn. Tó bá ń ro tó-tó-tó jáde láti etí kan, ike ibẹ̀ ti tẹ̀, ẹ mú òmíràn. Ẹ wo ìdè méjèèjì fínnífínní pé kò sí èyí tó ti sán. Òǹtàjà tí kò bá gbà kí ẹ fi omi dán an wò, ẹ lọ sí ṣọ́ọ̀bù tó tẹ̀ lé e.